Ohun Tó Wà Nínú Agolo Lụa

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún kí wọ́n gbé Sương níyàwó ni oúnjẹ ẹja gbígbóná dà sí i lápá.

Ojú omi ni ilé wọn wà, lórí àwọn àgbá tó léfòó, bíi ti gbogbo aládùúgbò wọn ní ìlú Châu Đốc. Abẹ́ ilẹ̀ pákó ni wọ́n so àgò ẹja mọ́. Láràárọ̀, Mận, ìyá Sương, á ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó wà nílẹ̀ láàárín yàrá àlejò, á da oúnjẹ sínú ihò náà, àìmọye ẹja á sì ru sókè bí omi tó ń hó. Ogún ọdún ló ti ń wò ó. Ẹnu ṣì máa ń yà á.

Agbada irin tí èèyàn méjì lè jókòó wẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń se oúnjẹ náà, èérí ìrẹsì pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́. Sương ń fi igi rò ó lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, apá òsì rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá ló bó.

Mận ò pariwo. Ó fa ọmọ náà dé ìdí àmù, ó ń bu omi tútù sí apá náà, ó ń bù ú sí i, títí àmù fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ó gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí odò.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó fọ apá náà, ó fi báńdéèjì dì í.

"Ẹ má fi ewé sí i. Ẹ má fi ata ilẹ̀ pupa sí i. Ẹ má sì fún un ní ohunkóhun tí ẹ ò bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kó máa jẹun dáadáa, kó sì máa wá lọ́jọ́ méjì-méjì."

"Ṣé á jinná kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó?"

"Èmi kọ́ ni mò ń wò ó sàn, Ìyá. Èmi kàn ń bá a lé eṣinṣin ni. Ara ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́."

Mận fẹ́ràn obìnrin náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ apá yẹn kì í ṣe kékeré. Thuận ni orúkọ ọkọ ìyàwó. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Lụa, ló tọ́ ọ dàgbà. Lụa náà ni yóò dúró níwájú ẹbí méjèèjì lọ́jọ́ Sunday ìgbéyàwó náà, tí yóò fi ẹ̀gbà wúrà sí Sương lọ́wọ́. Bí kò bá tíì fi í sí i, ìyàwó ò tíì di ìyàwó. Apá òsì yẹn gan-an ni gbogbo ojú máa wà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọkọ̀ Lụa ti dé. Ó gbé agolo olómorí wúrà kan dání. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń mu kí awọ ara lè dán ló wà nínú rẹ̀. Lụa ló ń tà á, láti ilé dé ilé lójú odò, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo lọ́wọ́ òsì.

"Àna mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ó wí. "Ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì nírọ̀lẹ́. Awọ ara ló ń lọ tààrà. Kó tó di Sunday yẹn, apá ẹ̀ á ti máa dán bí ẹyin sísè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó."

"Báwo ló ṣe mọ ọ̀nà?" Mận bi í.

"Kí ló mọ ọ̀nà?"

"Ìyẹ̀fun yẹn. Tó bá dénú ikùn, ta ló sọ fún un pé apá òsì ni wọ́n ń retí ẹ̀?"

Kiệm, ọkọ Mận, da ojú bo ife tíì rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, àna mi," Lụa dáhùn. "Ìwé ló lè ṣàlàyé ẹ̀."

Mận ò lọ síléèwé ju ọdún méjì lọ. Ara àpò oúnjẹ ẹja ló ti kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ó ti kíyè sí i pé àpò tí oúnjẹ inú rẹ̀ dára kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lára. Ó ṣí agolo náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mọ òórùn yẹn. Awọ ẹja ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹja wọn a máa gé ẹran rẹ̀ sọ́tọ̀, a máa kó awọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ibi tí awọ ń lọ, kò sẹ́ni tó bèèrè rí. Ó ti wá padà wálé báyìí, ó dé fìlà wúrà.

Awọ ẹja àti orí ẹja náà sì ni wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ ẹja. Láti ìgbà tí Mận ti ń fún ẹja lóúnjẹ, wọ́n kàn ń fi í sanra ni. Kò tíì rí ẹja kan tó tìtorí rẹ̀ di arẹwà.

Ṣùgbọ́n ta ló máa lé àna sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, nígbà tí ìgbéyàwó ti kù fẹ́ẹ́fẹ́? Ojú Sương sì ti ń tàn. Ó gbá agolo náà mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ tuntun.

Bí Lụa ṣe lọ, tí Sương sùn, Mận da gbogbo ìyẹ̀fun náà sínú ọ̀rá. Ó mú ìrẹsì yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná, èyí tí wọ́n máa ń bu wọ́n awọ ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́, ó dà á sínú agolo. Àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹja méje wà nínú àgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, àwọn tí wọ́n ń dá sí fún ọbẹ̀. Àwọn yẹn ló wá ń bu ìyẹ̀fun Lụa fún, ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì nírọ̀lẹ́.

Kiệm rí i.

"Ìyá Sương, àwọn ẹja yìí máa lẹ́wà débi pé wọn ò ní gbà ká fi wọ́n se ọbẹ̀ mọ́."

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

"Mo ti pa á."

Lójoojúmọ́ ni Lụa ń wá wo Sương bó ṣe ń mu ún. Ní ọjọ́ kẹta, Sương yánu.

"Àǹtí, ó ń ta sánsán bí ìrẹsì yíyan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Tuntun nìyẹn. Wọ́n ti mú òórùn ẹja kúrò nínú ẹ̀."

Mận wo Kiệm. Kiệm ń wo òrùlé. Ìgbà yẹn ni Mận mọ̀ pé Lụa ò tíì fi ahọ́n kan ìyẹ̀fun tó ń tà rí.

Mận ló ń tẹ̀ lé Sương lọ pààrọ̀ báńdéèjì. Lákọ̀ọ́kọ́, kò lè wo apá náà. Ó pupa, ó ń sunmi, bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó láwọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, nọ́ọ̀sì pè é.

"Ìyá, ẹ súnmọ́ ibí."

Mận tẹ orí sílẹ̀. Àárín ibi pupa náà, àwọn nǹkan wínníwínní kan ti yọ, wọ́n kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Ìdí irun ni wọ́n ti ń jáde," nọ́ọ̀sì wí. "Irun jó lọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀ ò jó. Ibẹ̀ ni awọ tuntun ti ń wá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni omi odò ń fà. Bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ padà sílé, Mận ń rí iyanrìn tó ń yọ orí jáde láàárín omi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á wá fẹ̀, tí wọ́n á so pọ̀ di erékùṣù. Ó wo odò, ó wo apá ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, àwọn erékùṣù ara Sương ti ń so pọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, kò sí omi pupa láàárín wọn mọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi ọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni ò darí rẹ̀. Ìrẹsì, ẹja, omi mímọ́, àti báńdéèjì tí ń lé eṣinṣin.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Mận. Kì í ṣe ẹ̀rù ohun búburú. Irú ẹ̀rù tí í mú èèyàn rẹ ohùn sílẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, Lụa dé pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá kan. Obìnrin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé fóònù sókè láti ya apá náà.

"Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ fojú ara yín rí i! Sương, na apá ẹ, ọmọ mi. Sọ fún wọn ohun tí o mu."

Sương na apá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ na ọrùn.

"Omi gbígbóná dà sí ọmọ ọmọ mi lẹ́sẹ̀ lánàá," ó wí. "Mo ní kí ìyá ẹ̀ má tíì gbé e lọ ilé ìwòsàn, kí n kọ́kọ́ wá wo apá yìí ná. Tó bá jẹ́ òótọ́, agolo méjì ni mo máa gbé lọ fún un."

Bí Mận bá dákẹ́, ìgbéyàwó á lọ ní ìrọ̀rùn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ojú á ti Lụa níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, ọwọ́ Lụa sì ni ẹ̀gbà wà.

"Ìyá," ó wí, "ẹ gbé ọmọ náà lọ ilé ìwòsàn. Báyìí-báyìí. Apá yìí ò mu oògùn kankan. Ìrẹsì ló wà nínú agolo yẹn."

"Kí lẹ wí?" Lụa bi í.

"Ìrẹsì yíyan. Èmi ni mo dà á síbẹ̀. Èyí tí ẹ gbé wá, ẹja ló jẹ ẹ́."

"Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn," Kiệm wí láti ẹ̀yìn, "mẹ́fà ló kù. A ti jẹ ọ̀kan."

"Ọjọ́ mélòó, Màmá!" Sương kígbe. "Ọjọ́ mélòó ni mo fi ń dijú mu ìrẹsì!"

Ìyá àgbà náà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ń pe ọkọ̀ kékeré tó ń kọjá, ó ń fi ọwọ́ gbá etí ọkọ̀ pé kí wọ́n tètè wá gbé òun.

Lụa ṣí agolo. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ dójú tì mí, àna."

"Òótọ́ ni. Mo tan yín jẹ, mo tan ọmọ mi jẹ. Ẹ lù mí tí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan yìí." Mận di apá Sương mú, ó gbé e sínú oòrùn. "Ẹ wo irun tó ti ń hù. Ẹ wo àwọn ìlà yẹn, bíi ti apá kejì gẹ́lẹ́. Ó hù títí ó fi dé etí awọ àtijọ́, ó sì dúró. Ta ló ní kó dúró? Mo bi yín lọ́jọ́sí báwo ni ìyẹ̀fun yín ṣe mọ ọ̀nà. Kò mọ̀ ọ́n. Awọ yìí mọ̀ ọ́n. Èmi ò sì mọ bó ṣe mọ̀ ọ́n."

Àwọn obìnrin náà fara ti ẹ̀gbẹ́ kan títí ọkọ̀ fi tẹ̀. Kò sí fóònù kan tó wà lókè mọ́.

Lụa tẹ orí wálẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ìka kan apá náà, ó rọra fà á lọ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan omi tí kò fẹ́ kó rú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ẹ̀gbà kan lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi sí Sương lọ́wọ́, ó tì í gòkè díẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, Àǹtí. Ó tutù."

Lụa bọ́ ọ, ó dá a padà sí ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó di Sunday." Ó kọjú sí Mận. "Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀yin ò tíì parí o."

"Mo mọ̀."

Lụa wọ ọkọ̀. Ó tún na ọwọ́ padà, ó gbé agolo náà.

"Màá fi jẹ awọ ẹlẹ́dẹ̀," ó wí, kò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ náà lọ. Mận ò tíì fi apá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Sương ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n òun náà tẹ orí sílẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń wo awọ tuntun náà.