Kí Ezra Tó Dọ̀bálẹ̀

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló kù. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Auckland Park, òógùn ọwọ́ Fọlákẹ́mi ti rin ìwé gbindingbindin. Bó bá tún fìdí rẹmi nínú kákúlọ́ọ̀sì yìí, Dádì ti búra pé ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Durban ló ń lọ. Ó dàbọ̀ òun àti Ezra nìyẹn, Ezra olólùfẹ́ rẹ̀, tí ohùn ẹ̀ ń yọ́ ọkàn òun bí òrí inú oòrùn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló kù tó lè gbà á. X pẹ̀lú kan wà nínú àkámọ́. Kí àkámọ́ náà lọ́po ara rẹ̀, kéèyàn wá íntígírà rẹ̀ láti òdo dé orí kan. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé inú àkámọ́ ni kó kọ́kọ́ yanjú. Ó ti wá íntígírà ohun inú rẹ̀, ó wá fi èsì lọ́po ara rẹ̀: mẹ́sàn-án lórí mẹ́rin. Ó jọ òótọ́. Kí ló wá dé tí àyà rẹ̀ ń já?

Ojú Dádì lọ́jọ́ Sunday tó kọjá ló ń yọ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ezra, ọmọ ìyá Zulu, fi kọ́ ìdọ̀bálẹ̀. Ó wọ ilé wọn tán, ẹ̀rù bà á, ló bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀, kó tó wá nà gbalaja.

"Ó sọ̀rọ̀ tán kó tó dùbúlẹ̀!" Dádì pariwo. "Ṣé oorun ló ń kùn ún ni?"

Bírò Fọlákẹ́mi dúró. Ohun méjì tó yẹ ni Ezra ṣe, àmọ́ èyí tó yẹ kó kẹ́yìn ló ṣáájú, gbogbo ẹ̀ sì dàrú. Òun náà ńkọ́? Ó ti wá íntígírà kí àkámọ́ tó lọ́po ara rẹ̀!

Ó fagi lé e. Ó kọ́kọ́ tú àkámọ́ ká, ó wá íntígírà ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ìdá kan nínú mẹ́ta, kan, kan, ó sì ro wọ́n pọ̀. Bó ṣe fa ìlà sábẹ́ èsì báyìí, olùṣọ́ ní kí wọ́n gbé bírò sílẹ̀.

Ezra, tó ti ṣe kíláàsì náà ṣáájú rẹ̀, ń dúró lẹ́bàá robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì.

"Eish, Kẹ́mi, ojú ẹ ti funfun! Kí ni wọ́n bi yín?"

Ó sọ fún un. Ezra ṣí bírò, ó ń ṣe é sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀.

"Méje lórí mẹ́ta."

"Òun ni mo kọ! Ezra, òun gan-an ni mo kọ!"

"Shap!" Ó fà á mọ́ra, omijé sì bọ́ lójú Fọlákẹ́mi.

"Wàá padà wá sílé wa lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, Ezra…"

"Mo ti gbọ́. Àyà á kanlẹ̀ ná, kí ẹnu tó là."