Ohùn Ṣáájú Ẹnu

Ohùn Màmá ti dáhùn, ẹnu wọn kò tíì là.

Mo dá fídíò náà padà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn wọn nìyẹn, ó já geere létí mi. Ẹnu wọn sì rèé nínú àwòrán, ó pa dé bí ilẹ̀kùn ẹni tó rìnrìn àjò. Tábìlì ni wọ́n ń wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ètè wọn tó mì, nígbà yẹn ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, Màmá wá ń la ẹnu lásán bí ẹja tó bọ́ sórí ilẹ̀.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìpàdé ẹbí, aago mẹ́rin. Kó tó di aago mẹ́rin, fídíò yìí gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù àbúrò bàbá wa, kí ẹnu àti ohùn sì ti bá ara wọn mu, torí bàbá yẹn ti là á mọ́lẹ̀: "Bí orúnkún ìyá yín kò bá jẹ́ kí wọ́n lè wá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wá kí n fojú rí i. Mi ò gba 'Màmá ní kí n sọ' lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Àgbà tó gbọ́n. Wọ́n rò pé fídíò kì í purọ́.

"Ìyá Wáyà, bá mi tún un ṣe. Iṣẹ́ kékeré ni fún ẹ." Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ti ń jáde. Ó... Níwájú rẹ̀, "wọ́n" ni, "ẹ" ni, ẹ jókòó, ẹ kú iṣẹ́. Nínú orí mi lónìí, "ó" ni. Kó lọ fẹjọ́ sùn.

Iṣẹ́ kékeré. Békìrì tí Màmá fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbé ró ló wà nínú iṣẹ́ kékeré náà. Bí ẹbí bá gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Á wó ààrò. Á da àwọn páànù búrẹ́dì síta. Á sọ ibẹ̀ di ilé ìkẹ́rùsí. Ó ti fi okùn wọn ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá sì jókòó lórí àpótí, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ sókè kí okùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Kò kàn mí. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi. Ẹnu kò bá ohùn mu, kí n mú un bá a mu. Ó parí.

Ibo ló ti yà?

Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú Màmá bí mo ṣe kọ́ ọ. Fóònù ló ń ya àwòrán, ẹ̀rọ ìgbohùn ló ń gba ohùn, àtẹ́wọ́ yẹn la fi ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ pàdé ọwọ́, pàá, ó ṣe rẹ́gí. Ní ìṣẹ́jú kejì ohùn ti ń ṣáájú díẹ̀. Ní ìkarùn-ún ó ti ṣáájú gan-an. Bí ẹni pé ohùn ń sáré. Àmọ́ ohùn kì í sáré... Kò sáré. Ó kúrú ni. Wọ́n ti gé nǹkan nínú ohùn, wọn ò gé e nínú àwòrán.

Háà. Bọ́tìnnì yẹn.

Ta ló tẹ̀ ẹ́? Èmi. Èmi ni mo to áàpù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń so ohùn mọ́ àwòrán sórí fóònù rẹ̀, èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gé ìdákẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ohùn èyíkéyìí tó bá gbé wọlé, kí ẹ̀rọ wá gbogbo ibi tó bá dákẹ́, kó gé e sọnù. Ohun tí mò ń kọ́ gbogbo ayé nìyẹn ní kíláàsì ìgbohùn mi ní Sátidé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, onídìrí, ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, gbogbo wọn jókòó síwájú mi pẹ̀lú fóònù wọn. Ẹ gbé máìkì súnmọ́ ẹnu. Ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdákẹ́ wà nínú ètò yín, ìdákẹ́ máa ń lé olùgbọ́ lọ. Mo tilẹ̀ máa ń fi dápàárá: "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tíṣà á kọ ọ́ sínú ìwé, á fa ìlà sí i nídìí.

Ó dáa. Ojúlówó ohùn ṣì wà. Tèmi ni ẹ̀rọ ìgbohùn yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìwà rere. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ ni.

Mo gbé ojúlówó jáde. Mo so ó mọ́ àwòrán níbi àtẹ́wọ́. Ìlà ohùn yọ lójú kọ̀ǹpútà: ti ẹ̀gbọ́n mi ga, ó rí gágágá bí òkè; ti Màmá kéré, ó ń wá, ó ń lọ. Mo sáré dé ibi ìbéèrè náà. "Màmá, ṣé tọkàntọkàn lẹ fi gbà kí békìrì yìí bọ́ sọ́wọ́ mi?"

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan. Ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nà. Mo kà á. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlélógún.

Mẹ́tàlélógún! Ẹni tó ń ronú orúkọ ara rẹ̀ kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ohùn sókè. Mo ti etí bọ̀ ọ́. Àga ń ké. Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà... kọ́. Kọ́, kọ́.

Mo mọ ìyẹn. Kò sí bí mi ò ṣe ní mọ ìyẹn. Bí búrẹ́dì bá ti inú ààrò jáde, Màmá á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á fi oríkèé ìka kan ìdí rẹ̀, wọ́n á tẹ etí sí i. "Má wo àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀yìn lè pọ́n kí inú tútù. Kàn án, kí o gbọ́." Èyí tó jinná á dún bí àpótí òfìfo. Èyí tí inú rẹ̀ ṣì tútù á dún gbìì, bí ẹni ń kan ẹran ara. Tábìlì ni wọ́n ń kàn yìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń kàn. Wọ́n ń tẹ́tí.

"Màmá?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ẹ̀rọ ti ka ìyẹn náà kún òfo.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnu wọn là nígbà tí ohùn jáde. Ó bá a mu wẹ́kú. Iṣẹ́ kékeré ti parí... Kò parí.

Torí ó wà níbẹ̀. Ó jókòó níwájú wọn ní gbogbo sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlélógún yẹn. Ó gbọ́ ìka wọn lórí tábìlì. Ọmọ tó jẹ búrẹ́dì yẹn dàgbà ni, kò lè ní òun ò mọ ohun tí kíkàn yẹn jẹ́. Ẹ̀rọ ló gé e fún àwọn ẹbí. Ta ló gé e fún un?

Mo ti mú un. Mo ti mú ẹ̀gbọ́n mi lónìí. Mi ò ní gé nǹkan kan. Kí àbúrò bàbá wa jókòó, kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n wo ìyá arúgbó kan tí kò dáhùn, kí ìdákẹ́ yẹn máa jẹ wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n wá rí ẹni tí yóò pè é ní bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ kékeré, àbí? Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé mò ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè gbádùn rẹ̀ dáadáa —

"Rárá!"

Ah. Ìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ètò wa nìyẹn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa ń so ó mọ́ gbogbo nǹkan tí mo bá tò. Pọ́díkáàsì békìrì, ètò àfetígbọ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ohùn Màmá lórí fóònù àwọn oníbàárà. Orin kékeré kan, ohùn mi: "Màmá, ṣé ẹ ṣì ń bínú pé mo fi ìyẹ̀fun sílẹ̀, mo bá wáyà lọ?" Kíá, bí ẹni gba bọ́ọ̀lù: "Rárá!" Ẹ̀rín. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan ń pe Màmá ní Ìyá Rárá ní ojú pópó. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń fi Rárá yẹn sùn, mo ń fi í jí.

Mo bá wáyà lọ. Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni, ìyẹ̀fun tí mo pò ń wú nínú ọpọ́n, mo bọ́ ápírọ́ọ̀nù, mo gbé e kọ́, mo bá àwọn onífídíò wọ ọkọ̀. Ọdún márùn-ún. Mo padà wálé, mo gbé máìkì sí wọn lẹ́nu, mo bi wọ́n, wọ́n sì dá mi lóhùn kíá...

Kíá.

Má ṣí i. Kò sí ohun tó kàn ọ́ níbẹ̀. Aago mẹ́rin ni ìpàdé, kì í ṣe tìrẹ ni wọ́n pè.

Mo ṣí i. Ojúlówó, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, èyí tí mi ò tẹ́tí sí rí, torí ẹ̀rọ ti gé e fún mi kí n tó jókòó tì í. Ohùn mi ga bí òkè. Tèmi náà rí gágágá! Ìbéèrè parí. Ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́rìnlá.

Èmi náà wà níbẹ̀. Mo jókòó níwájú wọn. Kí ni mò ń wò? Iná máìkì ni mò ń wò, bóyá ó ṣì ń tàn. Mo rántí iná náà. Mi ò rántí ojú wọn.

Mo sọ ohùn sókè títí ariwo fi kún un. Kọ́, kọ́. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìdákẹ́ yẹn, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ́ síta.

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí nígbà yẹn."

Lẹ́yìn náà, sókè, fún máìkì, fún mi: "Rárá."

Kò yá rárá. Kò ga. Kò tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tèmi gbẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́jọ. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó mọ ibi tí bọ́tìnnì wà, mo ti gé Màmá, mo ti fi orin sí i, mo ti jẹ́ kí ojú pópó fi ṣe orúkọ wọn. Mo sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan pé mo ti mú olè. Olè tó wà nínú mi ti kọ́ṣẹ́ parí, ó ti gba ọmọ iṣẹ́.

Àwa méjèèjì la ti pinnu kí á tó béèrè. Òun fi okùn wọn ilẹ̀, ó wá béèrè. Èmi lọ, mo bọ̀, mo wá béèrè. A gbé máìkì sí wọn lẹ́nu kí a lè gba èsì tó wù wá. Tí mo bá fi ìdákẹ́ yìí ránṣẹ́ sí ìpàdé, kí ni mo tún ṣe? Mo tún sọ̀rọ̀ fún wọn ni. Mẹ́tàlélógún yẹn, mo mọ ohun tó jẹ́ — mo rò pé mo mọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi rò pé mo mọ ohun tí Rárá náà jẹ́.

Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́. Ó tún ń gbọ̀n.

Bó ṣe wà nìyí. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnu Màmá ti bá ohùn wọn mu. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlélógún ti padà sáyè rẹ̀, mẹ́rìnlá náà sì wà nínú fáìlì tirẹ̀, mi ò gé e. Mi ò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Màmá wà ní yàrá kejì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò sí máìkì níbẹ̀ bí mo bá fẹ́ lọ bi wọ́n.