Ẹni Tó Fọn Fèrè

"Ẹ padà sójú ilà! Gbogbo yín! A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení!"

Kóòṣì Hutchens ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí àga tó gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù. Oòrùn ò tíì yọ tán, ṣùgbọ́n ooru oṣù kẹjọ ní Saint Aubin kì í dúró de oòrùn. Ọgọ́rin agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fọwọ́ lé orúnkún, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn ń kán lára wọn sórí koríko. Ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ tó bì, òun ló dá gbogbo wọn padà.

Wendell Arceneaux ló mú fèrè. Òun ló ń kọ́ àwọn abara-ńlá tó máa ń dúró níwájú láti dènà nínú irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n sì fi ń kọlura. Bó bá fọn ọ́n, ọgọ́rin ọmọ a gbéra láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìpẹ̀kun kejì. Bó bá tún fọn ọ́n, wọn a sá padà. Ọgbọ̀n ìgbà ni Kóòṣì dá fún wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú tàbí tó bá dúró, gbogbo ikọ̀ padà sí ení nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sá a dé ìgbà kejìdínlógún. Nígbà kejì, mọ́kànlá péré.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Wọ́n kúkú ṣe é, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mẹ́rin nínú wọn gbé agolo panápaná nílé gbígbé àwọn ọmọ tuntun, wọ́n tú u sí yàrá mẹ́ta, wọ́n ba ìwé àti kọ̀ǹpútà ọmọlọ́mọ jẹ́. Ọmọbìnrin kan yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, apá rẹ̀ kán. Kámẹ́rà rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ bojú. Jákẹ́ẹ̀tì ikọ̀ nìkan ló hàn. Ni ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì bá pe Kóòṣì, ó ní orúkọ lòun ń fẹ́. Kóòṣì bi wọ́n léèrè, gbogbo wọn ya odi.

"Ṣé ẹ fẹ́ràn ara yín tó báyẹn?" Kóòṣì ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ó jọ sá a ni, títí orúkọ á fi jáde."

Ojú Wendell ò kúrò lára ọmọ kan. Quincy Batiste lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi tọmọdé. Quincy ò sí nílùú lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó lọ bá ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí ní Opelousas, Wendell fúnra rẹ̀ ló fún un láàyè. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀jẹ̀ Quincy, AS ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi yìí mọ ohun tó ń jẹ́ AS. Ẹ máa ń bi ara yín kẹ́ ẹ tó fẹ́ra. Ẹni tó ní in lè lo ayé rẹ̀ títí láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lé e sá eré nínú ooru, tí wọn ò jẹ́ kó sinmi, ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dìde sí i, kó sì pa á. Ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ikọ̀. Wendell fọwọ́ sí i.

Nígbà tó lọ bẹ ìyá Quincy pé kó jẹ́ kọ́mọ náà wá gbá bọ́ọ̀lù ní Saint Aubin, Odette Batiste bu ọbẹ̀ gọ́ńbò fún un, ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀. "Mo ti sọ ti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún ọ. Mi ò fi ọmọ mi lé kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ o. Ìwọ Wendell ni mo fi lé lọ́wọ́."

Wendell rìn lọ sídìí àga Kóòṣì.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n yọ Quincy sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ṣé òun ló bì ni?"

"Rárá sà. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Renita ò sì sí níbí."

Renita Guidry ni olùtọ́jú ikọ̀, òun ló ń bójú tó ìlera wọn. Kóòṣì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló ní kí Renita wá? Bí Renita bá wà níbí, ṣé a ó tíì sá ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ? Á ti máa pín omi yìnyín kiri bí ẹni ń ṣe ìsọmọlórúkọ."

"Ọmọ yẹn ò sí nílùú nígbà tí wọ́n ń ṣe é, sà. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

"Ìka kan ló sì ń tọ́ epo tó fi ń ran gbogbo ọwọ́. Wendell, ọmọ mi, tí mo bá yọ ẹnì kan lónìí, ogún ìwé dókítà ló máa wà lórí tábìlì mi lọ́la. Ìwọ náà ò sá irú eré yìí fún mi rí?"

"Mo sá a, sà."

"Ṣé o kú?"

"Mi ò kú, sà."

"Ẹ̀n-hẹ́n. Lọ fọn fèrè ẹ."

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Wendell nígbà tó dé ọwọ́ ọkùnrin yìí. Òun ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, òun ló wá iṣẹ́ fún un, òun ló dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí náà ló pè é wọ ọ́fíìsì pé òun ń fẹ̀yìn tì ní Dìsẹ́ńbà, òun sì ti sọ fún wọn pé Wendell ni kí wọ́n gbé sórí àga òun. Báwo lèèyàn ṣe ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú, kó ní rárá? Wendell yíjú padà.

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Quincy, ó rọra bi í pé, "Báwo ni ẹsẹ̀ yẹn?"

"Ó wúwo díẹ̀, sà." Ètè ọmọ náà ti gbẹ. "Kóòṣì Wendell, ẹ dákun, ẹ má yọ mí o. Lóṣù kẹfà tẹ́ ẹ yọ mí, 'Màmá Àgbà' ni wọ́n ń pè mí fún odidi oṣù kan. Wọ́n tiẹ̀ ra ọ̀pá ìtilẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Wendell lára mu, kí n má purọ́. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí òun má yọ ọ́. Ó fọn fèrè.

Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n fi máa sá a dé ẹ̀ẹ̀kẹfà, Quincy ti wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ó lọ sílẹ̀. Kò ké, kò sì di ẹsẹ̀ mú bí ẹni tí pájápájá mú. Ó kàn rọra jókòó sílẹ̀ láàárín pápá, ó ń wo itan ara rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Dìde! Quincy, dìde! Má dá wa padà sí ení o!"

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ dìde!"

Colby Trahan, balógun ikọ̀, sá padà lọ bá a. Òun àti ẹlòmíràn ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n gbé e nílẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń la koríko lẹ́yìn. Ni gbogbo ikọ̀ bá bú sáriwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ kọjá ilà. Kóòṣì Hutchens dìde lórí àga, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ikọ̀ nìyẹn! Ohun tí mo ń wá látàárọ̀ nìyẹn! Wendell, fọn ọ́n!"

Wendell sì fọn ọ́n. Ìyẹn ni kò ní dárí ji ara rẹ̀ láé. Ó fọn ẹ̀ẹ̀kẹjọ, wọ́n wọ́ ọ lọ. Ó fọn ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, wọ́n wọ́ ọ bọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe é, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ báyìí ni wọ́n ń pa á lọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì mọ̀ àfi ẹni tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ojú ilà, Quincy gbójú sókè. "Kóòṣì Wendell, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́."

Wendell fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ó fà á gùn gan-an. Àmì pé ìdánrawò ti parí nìyẹn, Kóòṣì Hutchens nìkan ló sì láṣẹ rẹ̀.

"Ta ló ní kó o fọn ìyẹn?"

Wendell ti wà lórí ìkúnlẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń pe áńbúláǹsì, ó sì ń fi ọwọ́ kejì tẹ itan ọmọ náà. Itan náà rọ̀ pẹ̀tẹ̀, kì í ṣe pájápájá rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Renita. Renita dé tòun ti sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn bo Quincy nímú, ó sì wo ojú Wendell lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí áńbúláǹsì ń lọ ni Colby bú sẹ́kún. "Àwa ni! Èmi àti àwọn mẹ́ta yìí, àwa la tú panápaná. Mo rò pé tá a bá ti sá a tán, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀."

Kóòṣì Hutchens gbé ọwọ́ lé Wendell léjìká. "O rí i báyìí?" ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ṣiṣẹ́."

Ní ọsibítù, dókítà ní ẹran itan ọmọ náà ti ń bàjẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ti dí kíndìnrín. Wọ́n ti so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá di ọ̀la tó ṣì ń mí, ó ní kí wọ́n wá bi òun léèrè ìyókù.

Kóòṣì bá Wendell lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń gba àlàyé ìjàǹbá.

"Kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ló ṣètò eré yẹn fúnra wọn, láti fi hàn pé wọ́n kábàámọ̀. Ikọ̀ lápapọ̀ ni. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Látàárọ̀, orúkọ lẹ̀ ń wá, sà."

"Wendell, má yájú sí mi. Àga yẹn ṣì ń dúró dè ọ́."

Ìlẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí. Odette Batiste ló wọlé, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà. Ó ti rí ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló ní kí ọmọ mi máa sá?"

Kóòṣì Hutchens ṣí fìlà. "Ìyá Quincy, ẹ kú ìrọ́jú o, ma. Ikọ̀ wa lápapọ̀..."

"Mi ò bi ọ́ ní ikọ̀. Orúkọ ni mo ní kẹ́ ẹ dá."

Wendell dìde.

"Kóòṣì Hutchens ló ní kí wọ́n sá, ma. Èmi ni mo fọn fèrè."

Obìnrin náà wo fèrè tó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "O mọ̀ pé AS ni?"

"Mo mọ̀, ma."

"Ìgbà mélòó lo fọn ọ́n?"

Kò sí ẹni tó bi í rí, ṣùgbọ́n ó ti kà á lọ́kàn láti inú pápá dé ọsibítù, ó sì ti kà á tún. "Méjìdínlógójì, ma."

Odette Batiste mi orí. Ó jọ pé ó fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n kò ṣe é. Ìwé tó wà lọ́wọ́ Kóòṣì ló gbà, ó ní kí Wendell jókòó, ó gbé e lé e lórí itan.

"Kọ ọ́," ló wí. "Kọ ọ́ níṣojú mi."

Wendell yọ bírò lápò. Kóòṣì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún. Wendell ò gbójú sókè. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ń bèèrè orúkọ ẹni tó wà nídìí ìdánrawò. Ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀ ná, ó wá sún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ ti Hutchens.