Máyípo Méjì

Ẹ́ńjìnnì náà kò wúkọ́, kò sì ké. "Gbàù" ló dún, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n bá ju òòlù sínú garawa, gbogbo ara ọkọ̀ náà sì gbọ̀n láti iwájú dé búùtù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sóhun tó dún mọ́ nínú gáréèjì. Tíṣà ṣì jókòó sídìí sítíárì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára kọ́kọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ gbàgbé ẹnu rẹ̀ ní yíyà sílẹ̀. Wẹ́dà ló dúró níwájú ọkọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ rí epo dúdú tó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tó ń wá sídìí bàtà rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Kí ló dún yẹn?" Tíṣà bèèrè.

Wẹ́dà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú epo.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ tó máa bi mí pé ṣé nítorí irin lásán ni gbogbo èyí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ̀ yẹn fi wà lórí búlọ́ọ̀kù. Bàbá tó bí Tíṣà ló rà á ní tuntun, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kógbá wọlé tipẹ́; ẹni bá ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ kò ní rí òmíràn rà. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n ń yára nítorí pé ojú Tíṣà ń lọ. Dókítà ojú ti sọ ojú abẹ níkòó: kí ọdún tó parí, kò ní lè wakọ̀ mọ́. Tíṣà ò sì bẹ Ọlọ́run ní ohun púpọ̀. Kó ṣáà wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lọ dé ibi tí títì ọlọ́dà parí sí, kí wọ́n padà wálé.

Àwọn márùn-ún ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe, iṣẹ́ oníkálukú ni wọ́n fi ń pè é, wèrè ọkọ̀ àtijọ́ ló sì ń ṣe gbogbo wọn. Irinṣẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ́n ni, ènìyàn lè má lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Kí wá lẹnì kan fẹ́ fi odidi rẹ̀ ṣe? Ni wọ́n bá pawọ́ pọ̀. Ẹnì kan mú èyí tó ń fún sípíríìnì wá, ẹnì kan mú èyí tó ń fa họ́ọ̀bù táyà yọ, wọ́n sì kọ́ gbogbo rẹ̀ sára pátákó kan nínú gáréèjì Tíṣà. Wọ́n fi ọ̀dà funfun ya ìrísí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìṣó rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú un kúrò, funfun á hàn gedegbe. Òfin wọn kò gùn: bí funfun bá hàn, kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ yí. Ìbáà jẹ́ pé ilé ẹlòmíràn ni irinṣẹ́ náà wà, wọn kò ní ṣíná ọkọ̀ kankan nínú gáréèjì yẹn títí yóò fi padà sórí ìṣó.

Máyípo ló fa òfin yìí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju ìka àárín lọ. Wọ́n máa ń tì í bọ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ́ńjìnnì má baà yí nígbà tí wọ́n bá ń so bẹ́líìtì inú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni bá gbàgbé rẹ̀ sínú ihò tó wá ṣíná, kó yáa lọ ra bàtà tó dáa, torí ẹsẹ̀ ló máa fi rìn.

Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi pe Wẹ́dà kó tó yí kọ́kọ́rọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Ọmọ mi, ojú mi ò gbé pátákó yẹn mọ́. Bá mi wò ó."

Wẹ́dà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó kún, sà. Kò sí funfun kankan."

"Máyípo ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

Ni Tíṣà bá yí kọ́kọ́rọ́.

Nísinsìnyí, Nọ́ọ̀sì ti tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó bá àlejò nínú yàrá tó ti tì pa. "Ara ẹ́ńjìnnì ti là," ó wí. "Máyípo ló wà nínú ihò."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," Tíṣà fèsì látinú ọkọ̀. "Wẹ́dà rí i lórí pátákó."

"Èmi gan-an ni mo gbé e kọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, sà. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti wà nílé mi." Nọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀, ó fi píláyà fa nǹkan náà jáde. Ó ti wọ́ bí ìkọ́ ẹja. Ó wò ó, ó wo pátákó, ó tún wò ó. Máyípo wà lórí ìṣó rẹ̀ jẹ́ẹ́, kò mira. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, méjì ni."

Ìgbà yẹn ni ó tó wá yé Wẹ́dà. Ó fi ọwọ́ di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú.

Òun ló ṣe èkejì. Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ló yá Máyípo lọ sílé, ó wá a títí, kò rí i. Àgbà ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń gbé irin wá bá, òun ló sọ irin nù. Ikú yá jẹ̀sín, ìyẹn lohun tó rò. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gé irin, ó fi fáìlì irin fá a, ó fi epo àti èéfín sọ ọ́ di àgbà, ó lọ kọ́ ọ sórí ìṣó. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní oṣù tó kọjá ló wá rí ojúlówó lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Dípò kó sọ ọ́, kí wọ́n jọ fi rẹ́rìn-ín, ó jù ú sínú àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀. Méjì sàn ju ọ̀kan lọ, àbí? Ọlọ́gbọ́n.

Lánàá, òun àti Tíṣà nìkan ló ṣiṣẹ́. Tíṣà ní kó mú Máyípo wá. Wẹ́dà yíjú sí pátákó, ó rí funfun, torí pé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì ni èyí tó wà lórí ìṣó wà. Ìbá sọ pé kí àwọn dúró di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ó wo ojú bàbá náà tó ń fi ọwọ́ táràrà lára ẹ́ńjìnnì, ó káàánú rẹ̀, ó bọwọ́ sínú àpótí, ó gbé ojúlówó sórí tábìlì. Tíṣà ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Ó fọwọ́ wá a lórí tábìlì, ó tì í bọ ihò, wọ́n so bẹ́líìtì, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà tún tì í padà láti fi mọ̀ bóyá ó ṣe déédéé. Ó wọlé wọ̀ọ̀. Inú bàbá náà dùn, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Ìyẹn ní oúnjẹ ń tutù. "Ẹ máa lọ, sà," Wẹ́dà wí, "màá kó irinṣẹ́." Ó kó o lóòótọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan.

Ẹ ó ní, ìwọ tí o mọ̀ pé méjì ni, kí ló dé tí o fi gba pátákó gbọ́? Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti ń wo irin yẹn lórí ìṣó, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun nìyẹn, kò sí òmíràn. Bí irọ́ bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ènìyàn, ẹni tó pa á gan-an á máa gbà á gbọ́.

Tíṣà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́, Nọ́ọ̀sì gbé èyí tó wọ́ lé e lọ́wọ́. Bàbá náà fi àtàǹpàkò tọ ara rẹ̀ lọ, tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Ojú mi ni," ó wí.

"Ẹ̀yin kọ́, sà," Nọ́ọ̀sì sọ.

"Èmi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ ni Máyípo wà lánàá, o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Kí ni mo wá mú lórí tábìlì? Mo ṣa irin kan ṣáá, mo rò pé òun ni. Wẹ́dà ò lè mọ̀ pé kó yọ irin tí kò mọ̀ pé ó wọlé." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó kó kọ́kọ́rọ́ jáde, ti ọkọ̀ yìí àti ti ọkọ̀ kékeré tí ó ṣì ń wà lọ sọ́jà. "Gbà, Nọ́ọ̀sì. Kó wọn lọ lónìí. Bí mo bá fi lè ti irinkírin bọ inú ẹ́ńjìnnì bàbá mi, ọmọ ọlọ́mọ ni màá pa lójú títì."

Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbọ́. Ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

Ọ̀nà wá ṣí sílẹ̀ gbayawu fún Wẹ́dà. Kò sẹ́ni tó fura sí i. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: ojú bàbá arúgbó ló fà á, gbogbo ènìyàn á sì kẹ́dùn. Ó wo Nọ́ọ̀sì tó gba kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni gba ẹyin. Ó wo ẹni tó kọ́ ọ ní ABD ní kíláàsì kìíní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, n kò ní parọ́ fún yín.

"Tíṣà," ó wí. "Máyípo lẹ mú."

"Kí lo sọ?"

"Èyí tí ẹ mú lórí tábìlì, Máyípo gan-an ni. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Èyí tó wà lórí pátákó, èmi ni mo rọ ọ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀, oṣù mẹ́rìnlá, fáìlì, èéfín, àpótí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Nọ́ọ̀sì ń mi orí, tó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwé ẹ̀sùn arákùnrin rẹ̀ sí létí.

Tíṣà dúró ṣinṣin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ó bèèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń bèèrè ní kíláàsì. "Èyí tí mo fọwọ́ wá lórí tábìlì, òun ni mo mú?"

"Òun ni, sà."

"Ṣé ibi tó yẹ ni mo tì í bọ̀?"

"Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà. Èmi ni n kò yọ ọ́."

"Ó dáa náà. Kì í ṣe ojú mi." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá, ṣé o gbọ́? Kì í ṣe ojú mi."

Ó na ọwọ́ sí Nọ́ọ̀sì, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kékeré padà. Ó fi èkejì sílẹ̀ fún un. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, lójú ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ tó là, tí kò sì ní gbéra mọ́ láéláé. Wẹ́dà ti múra sílẹ̀ de èébú, ó ti múra sílẹ̀ de ìgbátí. Kò múra sílẹ̀ de eléyìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo dúdú.

Tíṣà gbọ́ bó ṣe balẹ̀. "Inú á bí mi sí ọ," ó wí. "Á bí mi gan-an. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ díẹ̀ ná."

Wẹ́dà kò dìde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró.