Òdòdó Alágídí fún Wòsílátù

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ó rẹ̀ wá kọjá ohun tí à ń gbé. Ó ti rẹ Wòsílátù. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ ló ti wà nínú opó, nínú yàrá kan ní Kofar Doya, ní Sókótó, ogiri níwájú, ogiri lẹ́yìn. Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú rẹ̀ jìnnà, ìta pàápàá kò sí fún un títí opó yóò fi parí. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: ohun ẹlẹ́mìí tí yóò máa tanná lójú fèrèsé rẹ̀.

Rùkáyàt aláṣọ, aládùúgbò rẹ̀, ti ra òdòdó méjì fún un. Méjèèjì kú. Lọ́sàn-án yìí ó gbé ẹ̀kẹta dé nínú agolo, ó ń mí hẹlẹ.

“Ìyá Kamaldeen, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má wo ẹ̀gún ara rẹ̀ o. Mo sọ fún Màláàmù tó ń tà á lọ́nà Wamakko pé mi ò fẹ́ arẹwà mọ́, arẹwà ti sọ wá di asìnkú. Mo ní kó fún mi ní alágídí.”

Wòsílátù fi oríkì pè é: “Àpínkẹ́, ọmọ Afọ̀njá ẹnu dùn ju iyọ̀, gbé e padà. Ọwọ́ mi ni kò dára. Mo tọ́jú Bàbá Kamaldeen, ó kú. Mo tọ́jú òdòdó, ó kú. Bí èyí náà bá kú, mo ti mọ ohun tí mo jẹ́ nìyẹn.”

“Haba! Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀mí ni?”

Ládàánì pe ìrun Alásárì. Wòsílátù ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé bútà wọlé, ó sì fẹ́ da ìyókù omi sí ìdí òdòdó náà. Rùkáyàt di ẹnu bútà mú.

“Kí lẹ ń ṣe yẹn?”

“Omi àlùwàlá ni, omi ìbùkún. Ìrun kan kì í kọjá kí n má fún àwọn méjì tó kú yẹn.”

“Gbogbo ìrun? Àsùbáà dé Iṣáì?”

“Nínú ooru Sókótó yìí, ṣé kí n máa wò wọ́n ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Rùkáyàt. Ó gbé e mì nítorí opó. “Ẹ̀ ń rì wọ́n sómi ni! Abájọ tí ìdí wọn fi jẹrà. Màláàmù ní kẹ́ ẹ máa ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Àfi tó bá gbẹ pátápátá ni kẹ́ ẹ tó fún un lómi. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ jẹ́ kó wà. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Wòsílátù jókòó. “Bàbá Kamaldeen náà, èmi ni mo ń fún un lómi. Ṣíbí kan, ṣíbí kan, títí tí kò fi lè gbé e mì mọ́.”

Rùkáyàt jókòó tì í. “Ìyẹn yàtọ̀, Ìyá mi. Ẹni tó ń lọ lẹ fún lómi. Oore ni.”

Nígbà tí Rùkáyàt ti lọ, tí wọ́n pe ìrun Màǹgàríbà, omi tún ṣẹ́ kù nínú bútà. Wòsílátù dúró ti fèrèsé. Ó ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, ó tutù. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì fẹ́ dà á.

“Arẹwà ẹlẹ́gùn-ún,” ó ń kì í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “má-fọwọ́-kàn-mí, a-rí-ọ̀gbẹlẹ̀-má-sunkún. Jọ̀ọ́, bá mi gbé.”

Ó gbé bútà lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó o, ó padà sórí ẹní ìrun, ó sì fi òdòdó náà sílẹ̀.