Ọkọ Tí Yóò Buwọ́ Lu Ìwé Àyẹ̀wò Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ojú oorun ọ̀sán àná ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti jí, mo ti jẹun, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló pa ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Oyèyẹmí, lọ́dún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ní ká ní ó tètè ṣàyẹ̀wò ni, wọn ì bá ti rí i kó tó wọra. Ó ní kí èmi náà má fi tèmi falẹ̀. Mo wá ń wádìí ilé àyẹ̀wò mẹ́ta: èwo ló sún mọ́ni, èwo ni obìnrin ti ń ṣe é, èwo ni èsì rẹ̀ ń tètè jáde? Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí oorun fi gbé mi lọ.

Bí mo ṣe rí àwọn ilé àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ọ̀nà mi nìyẹn, wọ́n ń polówó ara wọn. Ọ̀kan ní ọ̀dọ̀ òun ni èsì ti ń yá jù. Lóòótọ́, ó ti jáde kí n tó ṣàyẹ̀wò. Ó kó èsì obìnrin mẹ́rin fún mi, ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Èkejì ní obìnrin ló ń ṣe é lọ́dọ̀ òun, àmọ́ obìnrin náà lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́dún méje sẹ́yìn, kò tíì dé. Ẹ̀kẹta ní òun ló sún mọ́ jù, bẹ́ẹ̀ òkè ilé ìfìwéránṣẹ́ ló léfòó sí. Mo ní kò burú. Mo gun àkàbà lọ bá a. Àkàbà kí mi kú ọ̀sán, mo dáhùn.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ béèrè ọkọ mi. Mo ní ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ la ẹnu, ó ní òun kì í gba ìbuwọ́lù obìnrin, àfi ti ọkọ rẹ̀. Ṣé ara ọkọ ni ilé-ọmọ wà ni? Akọ̀wé ní kí n fara balẹ̀, pé gbogbo ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ mi, ọkọ mi ni.

Kó tó dákẹ́, agbo ilé ọkọ mi ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n fi ẹnu kò sórí Ayọ̀kúnnú, ọmọ oṣù mẹ́jọ tí mo wẹ̀ fún láàárọ̀. Òótọ́ ni pé ọkọ mi ni mo máa ń pè é. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un.

“Bàbá, ṣé ẹ gbà kí ìyàwó yín ṣàyẹ̀wò?”

Ayọ̀kúnnú ki gègé bọ ẹnu. Akọ̀wé ní kí n ní sùúrù, pé bàbá ń rò ó lọ́wọ́.

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di fọ́ọ̀mù tirẹ̀ mú.

“Ìyá Oyèyẹmí, kí lẹ ń ṣe níbí?”

“Wọ́n ní kí n máa dúró,” ló wí. “Ọkọ mi kò tíì buwọ́ lù ú.”

Ara mi gbóná. Mo já gègé gbà lẹ́nu ọmọ, mo ní èmi ni n ó buwọ́ lù ú fún àwa méjèèjì. Akọ̀wé ti di òbúkọ, ó ń fi irùngbọ̀n gbọn tábìlì, ó ti jẹ fọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n mi dé ìdajì. Orí irùngbọ̀n rẹ̀ ni ọwọ́ mi wà tí fóònù fi jí mi.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé àyẹ̀wò náà ló ń pè. Ọmọbìnrin kan ló ń fohùn jẹ́jẹ́ béèrè ọjọ́ tí mo fẹ́ wá. Mo ní ọ̀la. Ó kọ orúkọ mi, ó kọ ọjọ́ orí mi, ó kọ nọ́ńbà mi.

“Nọ́ńbà ọkọ yín ńkọ́, mà?”

Mo ní kó kọ tèmi síbẹ̀.

Ó ní tèmi ti wà lókè.

Mo ní kó tún un kọ.