Èyí Tó Kù Nísàlẹ̀ Abọ́ Alida

Òfin mẹ́wàá ni Ọlọ́run fún Mósè, àmọ́ àwa ará Ellsmeer ní ìkọkànlá tiwa, tí ẹnikẹ́ni ò kọ sára wàláà: má jẹ èyí tó kẹ́yìn nínú abọ́. O lè purọ́, Pásítọ̀ á gbàdúrà fún ọ. O lè fi katakata rẹ tẹ ọgbà aládùúgbò rẹ pa, wọ́n á ní àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n bí o bá na ọwọ́ mú búrẹ́dì ẹyọ kan tó ṣẹ́kù lórí tábìlì, háà, wọn á fi bú ọmọ ọmọ rẹ. Ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe ni kó gé e sí méjì, kó mú ìdajì, kó fi ìdajì sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà á tún gé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é bọ̀ láti ayé àwọn baba wa, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ibi tó máa já sí.

Òfin yìí ni Alida Hoekstra gbàgbé, òun tí wọ́n bí sínú rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí igi ṣẹ́rì ń yọ òdòdó, Gerrit ọkọ rẹ̀ dákú nínú oko, dókítà sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé bí kò bá jáwọ́, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni bàbá Gerrit náà kọ́kọ́ pàdánù kó tó wá pàdánù ẹ̀mí. Ẹ̀rù ba Alida débi pé kò lè sùn. Gerrit ní tirẹ̀ gbọ́, ó mi orí, ó dé ilé, ó sì bèèrè ṣẹ́rì yíyan bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é.

Ṣẹ́rì tiwa kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń ká jẹ lórí igi. Ó kan débi pé ẹyẹ gan-an á dijú kó tó gbé e mì. Ìyá Gerrit, Grietje, kì í bá a ṣeré: bọ́tà lọ́tùn-ún, bọ́tà lósì, á wá da ṣúgà lé e bí ẹni ń fi yanrìn dí kòtò. Olóògbé ni báyìí, ṣùgbọ́n abọ́ gíláàsì tó máa ń fi yan án ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Alida, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí ìrépé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́ náà, kí ó má baà sọnù níbi àjọjẹ.

Abọ́ yẹn ni Alida gbé kalẹ̀ nígbà tí ṣẹ́rì pọ́n. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń fi irin tó fi ń di irun yọ kóró ṣẹ́rì títí omi pupa fi dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó po ṣẹ́rì dúdú tó dùn mọ́ pupa tó kan, kí ọ̀kan lè tu èkejì nínú. Kò fi ṣúgà kankan sí i. Ó gún àsálà, ó pò ó mọ́ ọ́ọ̀tì, ọkà tí ẹṣin náà ń jẹ, ó bu atalẹ̀ díẹ̀ sí i, ó dà á lé e lórí, ó tì í sínú ófùnù. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Gerrit wọlé, ó ṣí abọ́ wò.

"Ẹṣin dà?" ló bèèrè.

"Ẹṣin wo?"

"Mo rí oúnjẹ rẹ̀, mi ò rí òun alára."

"Gerrit, má fi mí ṣẹlẹ́yà o. Tọ́ ọ wò ná."

"Mọ́mì ò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀, o ti fẹ́ sin oúnjẹ rẹ̀ tẹ̀ lé e."

"Ìwọ ni mi ò fẹ́ sin! Olórí kunkun!"

Gerrit dé abọ́ náà padà. Ó wò ó, ó wo abọ́, ẹ̀rín kan sì yọ́ wá sẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kí Alida fura sí ẹ̀rín yẹn.

"Ó dáa," ni Gerrit wí. "Àjọjẹ ìkórè ni lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbé e lọ. Bí abọ́ yìí bá ṣófo, tó ṣófo pátápátá, mi ò ní fẹnu kan ṣúgà mọ́ láyé mi. Bó bá sì ku ohunkóhun nínú ẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ti Mọ́mì là ń jẹ nílé yìí. Má sì sọ pé ìwọ lo máa jẹ ẹ́ tán o, ojú mi á wà lára rẹ."

"Ṣé o ò ní yẹ ọ̀rọ̀ rẹ?"

"Ṣé mo ti yẹ̀ ẹ́ rí?"

Òótọ́ ni, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ra màlúù, Alida sì fi ayọ̀ sùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn kún. Oníkálukú gbé abọ́ tirẹ̀ wá: ànàmọ́ òyìnbó oníwàràkàṣì, ẹ̀wà, adìyẹ, ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń mì bí ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀dí ẹ̀. Gerrit jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Wilma Postma ló kọ́kọ́ dé ìdí abọ́ Alida. Aládùúgbò ni, ọ̀rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìjánu.

"Wọ́n ní o ò fi ṣúgà sí i. Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Jẹ ẹ́ kó o tó bú mi, Wilma."

Wilma mú bíńtín. Ó jẹ ẹ́. Ó lọ díẹ̀, ó dúró gbagidi. Ó padà wá, ó tún mú bíńtín mìíràn, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ni ariwo bá ta. Àwọn àgbẹ̀ tò dé ẹnu ọ̀nà, oníkálukú ń wí pé, "Díẹ̀ péré ni o, mo ti yó," wọ́n sì ń fi ṣíbí wa kòtò. Pásítọ̀ Brandsma jẹ tirẹ̀ tán, ó dijú bí ẹni ń ṣe ìdúpẹ́. Inú Alida dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó sáré wá wo abọ́ náà: ẹyọ kan péré ló kù nígun abọ́.

Ó dúró de ẹni tó máa mú un. Àwọn èèyàn ń kọjá. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń gbé itọ́ mì, wọ́n ń kọjá.

Ìgbà náà ló gbójú sókè tó rí Gerrit nídìí kọfí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.  Yéè! Abọ́ wo ló tíì ṣófo rí ní Ellsmeer?

"Wilma, ọ̀rẹ́ mi àtàtà," ló wí, "gbà mí, bá mi jẹ èyí tó kù yìí."

"Èmi? Kí n jẹ èyí tó kẹ́yìn? Alida, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Ó dáa, nítorí tìrẹ. Màá mú ìdajì." Ó gé e, ó mú ìdajì, ó lọ.

Alida fa Pásítọ̀ lápá aṣọ. "Pásítọ̀, ẹ ṣàánú mi."

"Àánú pọ̀ lọ́dọ̀ Olúwa, ọmọbìnrin mi," ni Pásítọ̀ wí, òun náà gé ìdajì.

Nígbà tó yá, èyí tó kù ò ju èékánná lọ, ọ̀bẹ ò sì lè gé e mọ́. Ẹnì kan mú abẹ ìfárùngbọ̀n jáde. Ìyẹn náà wá nípọn jù. Ni wọ́n bá ké sí Douwe tó ń tún aago ṣe. Douwe fi gíláàsì rẹ̀ há ojú, ó mú ẹ̀mú kékeré, ó fara balẹ̀, ó la hóró ọ́ọ̀tì kan sí méjì dọ́gbadọ́gba.

"Ta ló fẹ́ apá tí ṣẹ́rì wà?" ló bèèrè.

"Ẹ fún Pásítọ̀."

"Rárá o, mo ti jẹ. Ẹ fún Wilma."

"Kí n wá jẹ apá tó dáa? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ tún un là!"

Ẹ wò ó, àṣà wa ni pé Pásítọ̀ kì í gbàdúrà ìparí níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń bu oúnjẹ, bí Pásítọ̀ ò bá sì gbàdúrà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọlé. Òjò ń ṣú bọ̀ láti orí adágún, ṣẹ́rì tó pọ́n ń dúró lórí igi, òjò yìí sì lè mú kó là kó bàjẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ń gbá itan, wọ́n ń wí pé, "Ó dáa ná," wọ́n ń dìde, wọ́n ń wo abọ́, wọ́n ń padà jókòó. Ẹnì kan fẹ́ sín, wọ́n fi ọwọ́ dí i nímú kó má baà fẹ́ èyí tó kù dànù.

Eṣinṣin kan wá bà lé etí abọ́. Alida gbàdúrà sí i, kí n má parọ́ fún yín. "Jẹ ẹ́, ọmọ dáadáa, jẹ ẹ́." Eṣinṣin náà rìn dé ìsàlẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jẹ. Ó fò lọ. Douwe bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ìdajì ló jẹ," ni Douwe wí.

"Ọmọ ìlú wa ni," ni Pásítọ̀ wí, orí rẹ̀ sì wú.

Ibẹ̀ ni sùúrù Alida ti tán. Ó lu tábìlì, ṣíbí fò.

"Kí ló ń ṣe yín gan-an? Eruku lẹ̀ ń gé! Ẹ̀mí ọkọ mi ló wà nínú abọ́ yìí o! Ó ní bó bá ṣófo, òun á jáwọ́ nínú ṣúgà. Bí ò bá ṣófo, á jẹ ṣúgà títí tí ẹ ó fi wá bá mi sin ín, ẹ ó sì gbé ànàmọ́ wá! Ẹ̀rù ń bà mí! Mi ò fẹ́ di opó. Mo nífẹ̀ẹ́ òpònú ọkùnrin yìí!"

 Ní Ellsmeer, ọjọ́ ìsìnkú la máa ń sọ pé a nífẹ̀ẹ́ èèyàn, Pásítọ̀ ló sì ń bá wa sọ ọ́. Pásítọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Douwe yọ gíláàsì lójú, ó ń nù ún.

"Kọfí ṣì wà o," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Ta ló ń fẹ́ kọfí?"

Wilma ló sún mọ́ Alida, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Alida, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Jẹ́ kí n bá ọ mú ìdajì."

Alida bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ tó ṣì pọ́n fún omi ṣẹ́rì dé ìgbọ̀nwọ́. 

Nídìí ìkòkò kọfí, àga kan ha ilẹ̀. Gerrit ti dìde. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n là fún un, ó rìn dé ìdí tábìlì, ó fi ahọ́n kan ìka rẹ̀ kó lè tutù.

"Gerrit, rọra o," ni Pásítọ̀ wí. "Rántí orúkọ ìdílé rẹ."

Gerrit fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ abọ́. Ó gbé ìka náà sẹ́nu. Obìnrin kan ké, "Ó ti jẹ ẹ́!" ife kọfí sì bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó fọ́ yángá. Kò sí nǹkan kan tó tó jẹ lẹ́nu Gerrit, àmọ́ ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó kan," ló wí níkẹyìn. "Ó kan, ṣùgbọ́n ó dáa."

"Gerrit," ni Alida wí, "ṣé o mọ̀ pé abọ́ ti ṣófo?"

"Mo mọ̀. Mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mi ò ní yẹ̀ ẹ́."

Ó gbé abọ́ náà sókè. Ó dojú rẹ̀ dé, nǹkan kan ò jábọ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, tádàwà rẹ̀ ti ń ṣá. Ó tẹjú mọ́ ọn títí.

"Gbogbo ọdún ni Mọ́mì ń gbé e wá síbí," ló wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Gbogbo ọdún ni díẹ̀ máa ń kù. Á dúró nídìí omi ìfọ-abọ́, á máa ha á, á ní, 'Wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ tó, Gerrit. Ká ní ó dùn ni, wọn ì bá jẹ ẹ́ tán.' Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á tún fi ṣúgà kún un."

 Wilma gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Grietje?" ló wá wí. "Gerrit, a fẹ́ràn ẹ̀ gan-an o! Èmi fúnra mi, mo máa ń lá ṣíbí!"

"Òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Gerrit wí. "Abọ́ ló ń wò."

 Wilma yí padà, ó rìn lọ sídìí abọ́ ìyàwó Pásítọ̀ níbi tí ànàmọ́ kan ṣoṣo kù sí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó mú odidi rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Douwe mú itan adìyẹ tó kẹ́yìn. Pásítọ̀ mú ohun aláwọ̀ ewé yẹn, kí Ọlọ́run fún un lérè. A jẹ gbogbo rẹ̀ tán bẹ́ẹ̀, a dojú kọ ògiri bí olè, ìtìjú ń pa wá, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Alida wà níbi tó wà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Gerrit gbé abọ́ ìyá rẹ̀ há abíyá.

"Lọ́la, wàá tún un yan," ló wí fún un. "Dín àsálà rẹ̀ kù. Ó yá, jẹ́ ká máa lọ, òjò ń bọ̀."